Fọ́tò Tí Tísà Gàníyù Kò Rí Yà Lórí Òkè Ìsádi

Koríko ń jó lẹ́yìn ìlú lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ sì ń gbé èéfín rẹ̀ wọlé bá wa ní pálọ̀ mi n'Ísẹ́yìn. Àyọ̀ká, ọmọ ọmọ mi, jókòó tì mí, ó ń fi fọ́tò inú fóònù rẹ̀ hàn mí. Ìrìn àjò ló gbádùn jù láyé. Bí wọ́n bá ti fún un ní ìsinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, yóò di báàgì, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tàbí ibi àtijọ́ kan. Yóò ya fọ́tò, yóò kọ ìtàn ibẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kà. Ó ti fi ìkòkò tó dàgbà ju ìyá ńlá mi lọ hàn mí, ó ti fi ìlẹ̀kùn ààfin hàn mí, àti ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń so ẹrú lọ́rùn. Èmi a sì máa bi í bóyá wọ́n fún un lóúnjẹ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó fọwọ́ ra ojú fóònù, àpáta kan yọ. Àyọ̀ká dúró lórí rẹ̀, ó la apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí àwọn kòtò róbótó tí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń lọ ọkà lára àpáta náà. Ó wá dà bíi pé inú fóònù gan-an ni èéfín ti ń jáde.

"Òkè Ìsádi nìyí, Màmá. Ṣé ẹ mọ ibẹ̀?"

Mo mọ ibẹ̀. Ibi tó fẹsẹ̀ lé yẹn ni Tísà Gàníyù ṣubú sí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Okaka. Agbo ilé ńlá méjì ló wà níbẹ̀: Ilé Àgó, níbi tí wọ́n bí mi sí, àti Ilé Olókè, ilé Sìfáwù ọ̀rẹ́ mi. Orí Òkè Ìsádi ni àwọn baba ńlá ilé méjèèjì sá lọ nígbà ogun, ibẹ̀ ni wọ́n gbé títí ilẹ̀ fi rọ̀ tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Ìyẹn ni àwọn àgbà fi ń bára wọn yan odì. Àwa ọmọdé ò bá wọn dá sí i. Sìfáwù ni mò ń bá lọ odò, òun ni mò ń bá pín ẹ̀pà sísun. Bí wọ́n bá nà mí nílé ìwé, òun ló máa ń sunkún jù mí lọ, débi pé wọ́n nà án lọ́jọ́ kan nítorí ariwo.

Tísà Gàníyù, ará Ṣakí, ló ń kọ́ wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìlà áyọ́ọ̀nù ara ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ó ní kámẹ́rà kan tó máa ń so kọ́rùn. Ó máa ń sọ fún wa pé bí a kò bá ya fọ́tò ohun àtijọ́ wa, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa bi àlejò léèrè ìtàn ilé baba wa. Nígbà ọyẹ́ ọdún tí a wà ní ìwé mẹ́fà, ó kó gbogbo wa gun Òkè Ìsádi. Ó fi àfọ́kù àmù hàn wá, ó fi ìpìlẹ̀ ògiri hàn wá, ó to gbogbo wa, ó yà wá, ó wá ní kí àwọn yòókù máa sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti Sìfáwù bẹ̀ ẹ́ pé kó ya àwa méjì nìkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyọ kan ló kù nínú fíìmù. Ó ní ká dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ọlọ.

Bó ti ń wá ibi tó máa dúró sí ni Bàbá Sìfáwù gòkè dé láti oko iṣu rẹ̀ nísàlẹ̀, àdá rẹ̀ wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí. Kò bá ìjà wá. Ó kí tísà, ó ní ó kàn dun òun ni pé ẹnikẹ́ni ò wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ilé Olókè. Tísà ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bọ̀dá Lásísì, àbúrò bàbá mi, yọ láti ẹ̀yìn àpáta tòun ti kùmọ̀. Ó ti ń ṣọ́ wa láti àárọ̀. Ó ní ta ni kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Bàbá Sìfáwù yíjú sí i láti fèsì. Kùmọ̀ ti bà á lórí kó tó lanu.

Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí akèrègbè bá já lu àpáta. Ẹ̀jẹ̀ bo bàbá náà lójú pátápátá. Bọ̀dá Lásísì tún là á mọ́ ọn léjìká. Ìgbà yẹn ni Bàbá Sìfáwù tó fa àdá yọ, tó ń fì í kiri bí afọ́jú. Tísà Gàníyù sáré bọ́ sáàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ń wò yín."

Ọrùn rẹ̀ ni àdá wọ̀.

Ó wó lu kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàn sínú kòtò ọlọ kan, ó kún un, ó ń ṣàn bọ́ sínú èkejì. Bàbá Sìfáwù nu ojú, ó rí ohun tó ṣe. Ó ju àdá nù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn tísà mú bí ẹni tó lè dá ẹ̀jẹ̀ padà. Bó ti kúnlẹ̀ yẹn ni Bọ̀dá Lásísì ń lù ú lẹ́yìn, títí apá rẹ̀ kan fi ṣẹ́. Tísà kò dé ilé ìwòsàn.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọkùnrin ilé wa ti tiná bọ abà iṣu Ilé Olókè. Ìyá Sìfáwù sáré wọlé láti yọ díẹ̀, wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n nà án títí eyín rẹ̀ méjì fi yọ. Ẹ̀yin ọmọ, iṣu tó ń jó a máa ta sánsán. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn: mò ń sunkún lójú fèrèsé, ebi sì ń pa mí.

Kámẹ́rà ti fọ́, ìmọ́lẹ̀ ti ba fíìmù jẹ́. Àwa mẹ́ta ló kù tí a lè jẹ́rìí sí i. Bọ̀dá Lásísì ní ìgbà tóun ń gba àdá lọ́wọ́ apànìyàn lòun fi kùmọ̀ lù ú. Sìfáwù sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló ń gbè. Ó wá ku èmi. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ẹjọ́, Bọ̀dá Lásísì pè mí sẹ́yìnkùlé. Kò halẹ̀ mọ́ mi.

"A ò ní kó o purọ́," ó ní. "Àdá lo rí, àdá ni kó o sọ. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan míì, o ò rí i."

Bàbá mi wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ní kóòtù, mo sọ ti àdá, mo sọ ti ọrùn. Adájọ́ bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Mo ní mi ò rí i. Sìfáwù jókòó síwájú mi, ẹnu mi ló ń wò. Wọ́n sọ bàbá rẹ̀ sẹ́wọ̀n gbére, ibẹ̀ ló kú sí. Òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Ṣakí, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù ní Ilé Olókè sì túká.

Mo ti bímọ mẹ́ta kí n tó tún fojú kan Sìfáwù. Aṣọ tó ń kó wọlé láti òdìkejì ibodè ló ń tà ní Ṣakí. Mo kúnlẹ̀ fún un láàárín ọjà. Ó fà mí dìde, ó bu omi fún mi mu. Orúkọ àkọ́bí mi ló fi pè mí, Ìyá Kàmọ́rù, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí a jọ ń lúwẹ̀ẹ́ lódò níhòòhò.

"Ẹ ò purọ́," ó ní. "Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni kò dáa."

Ó yíjú sí oníbàárà tó ń ná aṣọ. Sìfáwù ti kú báyìí.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, Àyọ̀ká tún wo fọ́tò náà. Ọ̀kadà ń dé ẹsẹ̀ òkè náà báyìí, ó ní, àwọn ọ̀dọ́ Ilé Àgó ló sì ń mú àlejò gòkè. Wọ́n ti ri pátákó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ohun tó wà lára rẹ̀ ló dà kọ sábẹ́ fọ́tò. Ó kà á fún mi: Ilé Àgó ló tẹ Òkè Ìsádi dó. Kò sí Ilé Olókè níbẹ̀ rárá. Òjò ti fọ àpáta náà mọ́ láìmọye ìgbà, fóònù kan lè ya ẹgbẹ̀rún fọ́tò lóòjọ́, ṣùgbọ́n ará ilé wa ṣì mọ ibi tí wọ́n ń ti ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó bi mí bóyá àwọn ará ilé wa ò ní bínú. Mo ní wọn á bínú. Ó gbé ìka sójú fóònù, ó ní òun ń gbọ́.

"Kọ ọ́ báyìí," mo ní. "Bàbá Sìfáwù gòkè dé láti oko, ó kí tísà."