Àdúrà Lórí Agolo Iná

Òórùn òjé tó ń yọ́ ló máa ń gbé mi padà sí Sátidé yẹn, nílé wa ní Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Ìyá mi ti fi omi ọṣẹ fọ ilẹ̀ pálọ̀, sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ. Mo wà níbẹ̀, mò ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà mọ́ wáyà. Ọmọdébìnrin ni mí, etí ikún ni mo sì ń kọ sí ìkìlọ̀ àgbà.

Mo ti fi mọ́tò kékeré tó ń yí waipa ọkọ̀ àlòkù ṣe ẹ̀rọ tó ń lu ihò sí pákó. Iná bátìrì ló ń lò, ni mo bá to àwọn ohun tó ń sọ iná ògiri di irú iná bátìrì sínú agolo bisikíìtì ńlá kan. Bùọ̀dá Dáre tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò ló kó wọn fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ páànù agolo náà: bí iná bá ṣèèṣì kan páànù, wáyà yẹn ni yóò gbé e wọlẹ̀, kó má baà gba ara èèyàn kọjá. Èmi gé e dànù. Ṣebí wáyà méjì péré ni rédíò wa ní, ó sì ń sọ̀rọ̀!

Bàbá mi, tíṣà tó máa ń sọ pé "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ò tilẹ̀ bi mí bóyá mo ṣe é bó ṣe yẹ. Bó ṣe rí i tí ẹ̀rọ ń yí, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn, ó lọ pe Bàbá Aládùúrà, olórí ìjọ wa, kó wá súre sí i. Ohun tuntun kì í wọlé wa láìgbàdúrà sí i. Àwọn ará ìjọ àtàwọn ọmọ tí bàbá mi ń kọ́ kún pálọ̀.

Bàbá Aládùúrà kì í wọ bàtà gbàdúrà. Ó dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé agolo. Àfi gìrì! Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, eyín ń lu eyín, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣeé ká kúrò.

"Ẹ̀mí ti dé! Alelúyà!" Gbogbo ilé hó. Ohùn bàbá mi ló ròkè jù.

Yorùbá inú ìwé nìkan ni bàbá mi ń gbà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ahọ́n Èkìtì ló jáde lẹ́nu mi: "Uná ni o! Uná ni!" Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Bàbá Aládùúrà ṣubú gbì. Mo rò pé mo ti pa á.

Nígbà tó lajú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín ò purọ́. Iná ni."

Bàbá mi wo agolo, ó wò mí, kò lù mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù náà, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, lójú àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rù rẹ̀ níléèwé. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni kí ẹ bá wí, èmi ni mo bí i." Ojú tì mí débi pé ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe jẹun báyìí, mi ò sì jẹ́ tan ohunkóhun láìyẹ wáyà ilẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi fi ọ̀kadà gbá ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ ìyá náà dá. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mò ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jiyàn pé ta ló ní kó gba títì kọjá. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, orúnkún mi ò tíì kanlẹ̀.