Ẹ̀yìn Ìyáálé Kì Í Ṣe Àkàbà

Eruku pápá iléèwé náà ṣì ń ta mí nímú bí mo bá rántí ọdún tí èmi, arúgbó, ń kọ́ ijó tí wọ́n fi ń ki àwọn sárésáré láyà ní Ẹdẹ níbí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló kó bá mi. Ó lẹ́sẹ̀ eré bí ẹtu, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń sáré ìje, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n máa ń pariwo fún. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà l'Ékòó. Ó ní, "Ìyá àgbà, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ wá pe orúkọ mi." Mo ṣèlérí.

Tíṣà wọn, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ní kí àwa ìyàwó ilé wa márààrún wá jó. A gé ọ̀rá pupa wẹ́wẹ́, a dì í mọ́wọ́, a ń jù ú fìrìfìrì. Bó bá ní ká jù sọ́tùn-ún, mo ti jù sósì. Bó bá ní ká fò, èjìká ni mo fi ń fò, ẹsẹ̀ mi kì í kúrò nílẹ̀. Ìdí mi nìkan ni kò ṣìnà. Òun kàn ń pẹ́ dé ni.

Ìparí ijó ló dìjà. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè ìje, kí àwa mẹ́rin fọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, kí ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí kò wúwo ju apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ, dúró lé wa lẹ́yìn.

"Ẹsẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, òun ni yóò gùn mí? Ẹ̀yìn ìyáálé kì í ṣe àkàbà!" ni mo figbe ta.

"Màmá, eré lásán ni," ni tíṣà wí.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gòkè," ni ìyàwó náà wí, ó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. "Àwa tá a wà nísàlẹ̀ la máa gbàdúà."

Lọ́jọ́ ìje, wọ́n tì mí nídìí, wọ́n fà mí lápá, bí àpò gàrí tí wọ́n ń dì sórí mọ́tò Òṣogbo. Òkè náà dára, n kò ní purọ́. Mo rí ọmọ mi tó ṣáájú gbogbo wọn. Mo lanu kí n pè é, mo ju ọwọ́ méjèèjì sókè. "Yéè!" ló jáde. Gbogbo wa wó lulẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ igbe mi, ó fi ojú ìje sílẹ̀, ó sáré wá gbé mi. Àwọn yòókù kọjá lọ sídìí okùn tí wọ́n ta sí òpin ìje. Ó ń gbọn eruku lára mi, ó ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá àgbà," bí ẹni pé èmi ni mo pàdánù.

Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí kí n tó fọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀. Ìyàwó bọ́ bàtà, ó ní, "Ẹ foríjì mí o, ìyá." Mo ní kó yáa gùn. Koríko àti èèrà ni mo ń wò, mo ń fi gbogbo ẹnu pe orúkọ ọmọ mi sínú ilẹ̀. Wọ́n ní ó gba ipò kìíní, wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó ti wọ iléèwé gíga báyìí. Bí wọ́n bá ń sọ bó ṣe sáré lọ́jọ́ náà, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ, torí èmi ò rí i.