Bí Sàfú Ṣe Bèèrè Ọmọ Lọ́wọ́ Ará Ìjẹ̀ṣà

Ẹni tó bá ní n kò yára ju mọ́tò rí, kò mọ̀ mí. Mo ti gbéra ní Òṣogbo rí nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbáà, mo sì bá wọn kírun náà ní Iléṣà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mọ́tò ni mo wọ̀, nítorí Sàfúrátù, ọmọ àbúrò mi, ni mo sìn lọ. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn ni. Sàfú wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń bára wọn gbé. Ilé ìwé ní kí wọ́n lọ fi oṣù méjì dán iṣẹ́ wò, ó sì rí àyè ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba kan ní Iléṣà. Ọ̀gá ibẹ̀ fún un ní ìwé ìbéèrè fún ogún ilé lóko kòkó. Ó ní bí kò bá kún, òun ò ní buwọ́ lu ìwé rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọdún yẹn sì di òfo. Ó ku ọjọ́ kan, kò tíì sí ilé kankan tó dáhùn. Ẹkún ló sun wálé.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi dé gáréèjì. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lórí ẹnì kan. Eruku pupa kun wá bí osùn. Dẹ́rẹ́bà wo Sàfú.

“Bàbá, ìyàwó tuntun rèé?”

“Ọmọ mi ni. Iṣẹ́ kí ó máa bi èèyàn ní ìbéèrè ló ń kọ́.”

“Háà! Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn tipẹ́.”

Lóko náà, ní ilé àkọ́kọ́, a bá obìnrin kan, Ìyá Dúpẹ́, níbi tó ti ń fọ́ kòkó. Ó ní kí a wọ “ulé”; bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé nìyẹn. Èdè tiwa ni n ó fi kọ ìyókù. Sàfú kúnlẹ̀, ó yọ bírò.

“Ẹ kúuṣẹ́ o, mà. Ọmọ mélòó lẹ ní?”

Ojú obìnrin náà le. “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé kí wọ́n lè kú ni wẹ́fíà ṣe rán ọ?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ní gbogbo ilé nìyẹn. Mo fa Sàfú sábẹ́ igi obì, mo ní, “Má ka ọmọ. Bèèrè iṣẹ́.”

Sàfú fi ìwé sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó mú kòkó kan.

“Ta ló ń bá yín ṣe gbogbo èyí, mà?”

“Dúpẹ́ ń ká a, Fọlá ń rù ú, Àìná ń sá a. Kékeré kan wà lọ́hùn-ún, jíjẹ ni tiẹ̀.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Sàfú kọ orúkọ mẹ́rin. Bírò ló kà wọ́n, ẹnu kò kà wọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, ogún ilé pé.

Ọ̀gá ọ́fíìsì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó buwọ́ lù ú. “Nígbà tí o bá jáde ní yunifásítì, kọ́kọ́ wá síbí.”

Sàfú dúró sí Iléṣà, èmi wọ mọ́tò padà. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé èmi tí mo ka ìwé mẹ́rin péré ni mo kọ́ ọmọ yunifásítì níṣẹ́.

Ti ìrun àsùbáà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé n kò fa Sàfú síbì kankan, n kò sì sọ nǹkan kan. Òun ló ronú ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀, òun ló sì ròyìn rẹ̀ fún mi. Abẹ́ igi obì ni mo sùn sí. Nígbà tí mo fi máa jí, ó ti wà ní ilé kẹfà.