Èènì Kò Sí Nínú Ẹ̀kọ́ Àgọ́

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀ ni olùkọ́ wa fun fèrè. Àwa mẹ́sàn-án la dìde lórí ẹní: akọ̀wé mẹ́fà, awakọ̀ méjì, àti ìyá kan tó ń tẹ ìwé lọ́fíìsì. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá gbogbo wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún. Olùkọ́ wa kò tíì pé ọgbọ̀n. Ó ní ká sáré yí pápá ká, pé oníṣòwò tó bá ń sùn, oníbàárà rẹ̀ ń lọ. A sáré. A kò rí oníbàárà kankan ní pápá náà.

Lẹ́yìn Galadimawa, ní Àbújá, ni wọ́n pàgọ́ sí, láàárín àwọn ilé tí wọn kò kọ́ parí. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fẹ́ fi sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di oníṣòwò. Ọjọ́ kẹrin rèé. Wọ́n ní kíláàsì ló bà wá jẹ́, pé ìta gbangba ni ọgbọ́n òwò wà. N kò jiyàn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí kí n tó wọ kíláàsì. Ìta gbangba ni mo ti wà títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì fún mi níwèé ẹ̀rí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìyàwó mi ta ẹ̀wà ní ọjà Wuye títí ó fi kú. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí ìsọ̀ rẹ̀ ti wà ní títì. Alága ọjà ránṣẹ́ sí mi pé bí n kò bá ṣí i kí oṣù tó parí, àwọn yóò fi fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ ṣí i. Nǹkan kékeré kan ló kù: n kò mọ bí a ti í ta ẹ̀wà.

Lẹ́yìn eré sísá, olùkọ́ so bébà ńlá mọ́ igi, ó kọ́ wa ní òṣùwọ̀n. Abọ́ tí wọ́n ń pè ní múdù ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà ní Àbújá. Ó ní ká bu ẹ̀wà kún un, ká fi igi rẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

“Èènì ńkọ́?” Ìyá inú wa ló béèrè.

“Mọ́mì, àdánù ni èènì. Ẹ ò lè máa fi ọjà ta oníbàárà lọ́rẹ.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ogún ọdún sọ fún ìyàwó mi nìyẹn. Mo máa ń fi ìṣirò hàn án, iye ẹ̀kúnwọ́ tó ń di odidi múdù. Á ní, “Ẹ ṣé, Akọ̀wé.” Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún bu èènì.

Ní aago mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì kó wa lọ dánra wò. Ọjà Wuye ni wọ́n mú. Wọ́n fún kálukú ní ààbọ̀ àpò ẹ̀wà. Mo lọ dúró síwájú ìsọ̀ ìyàwó mi, torí ibẹ̀ nìkan ni wọn kò ti ní lé mi. Àlàájá kan, ará Ìlọrin, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi, ló ń ta ẹ̀wà nínú ìsọ̀ tó kàn án. Ó wo fìlà tí àgọ́ dé fún mi, ó wo káàdì ọrùn mi.

“Akọ̀wé! Ṣé ẹ fẹ́ díje ìbò ni?”

“Ẹ̀wà ni mo wá tà.”

“Kai! Ẹ̀wà á gbọ́ gẹ̀ẹ́sì lónìí.”

Oníbàárà àkọ́kọ́ dé. Mo bu ẹ̀wà, mo rẹ́ ẹ, ó tẹ́ bí orí tábìlì. Mo dà á sínú ọ̀rá obìnrin náà. Ó la ẹnu ọ̀rá sílẹ̀, ó dúró. Èmi náà dúró.

“Bàbá, jara ńkọ́?” Jara ni wọ́n ń pe èènì níbẹ̀.

“Ó pé,” ni mo wí.

“Mo mọ̀ pé ó pé. Jara ni mo ní.”

Mo ṣàlàyé òṣùwọ̀n fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó da ẹ̀wà mi padà, ó kọjá sọ́dọ̀ Àlàájá. Ènìyàn méje ni mo ṣàlàyé fún. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn: kò sẹ́ni tó jiyàn, kò sẹ́ni tó rà.

Olùkọ́ dé, ó wo àpò mi. “Dádì, ẹ gbìyànjú. Ẹ ò pàdánù ẹyọ kan.”

Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tó lọ tán, Àlàájá yíjú sí mi. “Akọ̀wé, ta ló sọ fún yín pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni èènì? Ó ti wà nínú iye tí ìyàwó yín ń dá lé ẹ̀wà. Oníbàárà ló ń sanwó èènì ara rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn bù ú fún òun ni. Ṣé ìyàwó yín ò sọ fún yín?”

“Kò sọ.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọ níṣirò! Ibo ló ti fẹ́ ráyè sọ?”

Mo gbé ẹ̀wà wọn padà sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a dé àgọ́, olùkọ́ ní èmi ni mo tẹ̀lé ìlànà jù, pé èmi ni n ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́la.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo di ẹrù mi kí wọ́n tó jí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Wuye. Mo ṣí ìsọ̀, mo gbálẹ̀, mo lọ sọ fún alága ọjà pé mo ti dé. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Àlàájá, mo ní mo wá kọ́ṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé atẹ ẹ̀wà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n máa ṣa òkúta.