Kọ̀ǹpútà Tí A Máa Ń Sá Sóòrùn

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga, kọ̀ǹpútà kan wà ní pálọ̀ wa ní Tudun Wada, nílùú Jos, tí ó ń gba ọ̀wọ̀ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlejò lọ. Bàbá mi, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ni ó rà á ní àlòkù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kan tí ó ń fẹ̀yìn tì. Màámi fi òwú funfun hun aṣọ tí a fi ń bò ó, àwa ọmọ kò sì gbọdọ̀ ṣí aṣọ náà láìtọrọ àyè. Bí àlejò bá dé, a lè ní kí ó sún fún ẹlòmíràn jókòó. A kì í ní kí kọ̀ǹpútà sún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi yóò rántí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ti tẹlifíṣàn àtijọ́, àpótí irin gbọọrọ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí a bá sì tàn án, àpótí náà yóò máa kùn bí ẹni tí ó ń hanrun. Lára àpótí irin yìí ni ibi tí a ń ki sídì sí wà. Ẹnu kọ̀ǹpútà ni a ń pè é nílé wa, nítorí pé bí a bá tẹ bọ́tìnì kékeré kan, yóò yọ jáde pẹrẹsẹ bí ahọ́n. Eré tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyẹn. Bí Bàbá bá ti jáde nílé, n ó tẹ̀ ẹ́ kí ó yọ ahọ́n sí mi, èmi náà yóò sì yọ tèmi sí i. Lọ́jọ́ tí Bàbá ká mi mọ́ ọn, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọwọ́ ń ro mí, ṣùgbọ́n òórùn àkàrà tí Màámi ń dín lẹ́yìnkùlé, tí n kò lè lọ bá, ni ó jẹ́ ìyà gidi.

Ọyẹ́ Jos kì í fojú rere wo ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti dé, ètè wa á là, omi inú garawa á máa gé ni lọ́wọ́, ojúmọ́ kì í sì í mọ́ kí a má gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti nu eruku kúrò lára àga àti tábìlì kí n tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí n ó bá fi dé lọ́sàn-án, eruku pupa mìíràn ti bò wọ́n débi pé mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀ ni a máa ń mu kúnún, ògì àwọn Hausa, ní gbígbóná, tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, a ó sì fi jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó tí ooru ṣì ń rú lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí òtútù mú nínú ilé ni a ó kó lọ sí ẹ̀bá ògiri tí oòrùn òwúrọ̀ ń kọ́kọ́ bà: aṣọ ìbora, ìrọ̀rí, bàtà, àti Màmá Àgbà tí í ṣe ìyá Bàbá mi. Màmá Àgbà á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ara rẹ̀ títí dé ọrùn, á dijú, á sì máa sọ fún ẹni tí ó bá kí i pé dókítà òun ni òun wá rí.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ọ̀ràn ńlá kan wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bùnmi, ń múra láti tún ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì ṣe. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò sì yege. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, Àǹtí Bùnmi kò sì mọ máòsì í lò dáadáa; bí ó bá fẹ́ tẹ ìdáhùn kan, ọwọ́ rẹ̀ á lọ tẹ òmíràn, àkókò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ kọ́. Bàbá ti sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè pé bí tẹ̀ẹ̀kejì yìí kò bá bọ́ sí i, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Bukuru. Iṣẹ́ aránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, ṣùgbọ́n Àǹtí Bùnmi kò lè rán bọ́tìnì kan kí ó dúró.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó yá a ní sídì tí àwọn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀, tí ó ń jáde gẹ́lẹ́ bí yóò ti rí lọ́jọ́ ìdánwò, pẹ̀lú aago tí ó ń ka àkókò sẹ́yìn. Sídì náà kò gba kí a da ohun inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà; àfi kí ó wà ní ẹnu rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Nígbà náà, kò sí fóònù tí ó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé wa, Bàbá kò sì gbà kí ọmọbìnrin òun máa dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo ìrètí wá wà lórí ẹ̀rọ tí ó wà ní pálọ̀ wa.

Ẹ̀rọ náà gbé sídì mì, kò sì sọ nǹkan kan. Bọ́tìnì ń ṣiṣẹ́, ahọ́n rẹ̀ ń wọlé ó ń jáde, iná kékeré iwájú rẹ̀ sì ń tàn, ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ rẹ̀ máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà, kò sí i níbẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé òun ní ẹnu. Àǹtí Bùnmi fi aṣọ tí Màmá Àgbà fi ń nu awò ojú nu sídì náà. Kò yí padà. Ó ki sídì orin ṣọ́ọ̀ṣì wa sí i, kò mọ ìyẹn náà, a sì gbà pé ẹ̀bi kì í ṣe ti sídì. Ó pa á, ó tún un tàn. Bákan náà ni.

Bàbá rìn yí i ká, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpótí irin náà bí ẹni tí ó ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ. Ó ní òtútù ti mú un.

Báyìí ni kọ̀ǹpútà ṣe di ara àwọn tí a ń sá sóòrùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá gbé àpótí irin náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà, ó sì fi aṣọ òwú bò ó nítorí eruku. Ọmọ aládùúgbò wa tí ó ń kọjá lọ pọn omi dúró, ó wò ó, ó sì bi Bàbá léèrè ní èdè Hausa bóyá òtútù ń mú kọ̀ǹpútà náà: "Baba, kwamfuta ma tana jin sanyi?" Bàbá dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín pé ó ń mú un gan-an ni: "Sosai ma." Màmá Àgbà ní kí ó ṣáà má hanrun sí òun létí.

Nígbà tí a gbé e wọlé tí a tàn án, ẹnu náà yọ lójú kọ̀ǹpútà. Sídì náà kùn, ìbéèrè jáde, Àǹtí Bùnmi sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè bá Bàbá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á lálẹ́, tí a tún un tàn lọ́jọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ a ti tún sọnù, a ó sì tún gbé e jáde. Ní ọjọ́ mìíràn, yóò yá oòrùn ní gbogbo òwúrọ̀ tán, kò sì ní gbà. Bàbá á ní oòrùn náà kò wọ̀ ọ́ lára tó. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìdánwò ń sún mọ́ tòsí, ọjọ́ tí Àǹtí Bùnmi rí i lò kò sì pọ̀.

Èmi tí wọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ojú ni mo fi ń kàn án. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí oòrùn rárá. Bàbá gbé e jáde síbẹ̀, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe, ó sì gbé e wọlé ní tútù bí yìnyín. Ó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ sí i, ẹ̀yìn ń dun Bàbá, ó wá ṣí fèrèsé, ó ká kọ́tìnnì, oòrùn sì bà lé àpótí irin náà lórí tábìlì rẹ̀ títí ó fi gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Kò ṣiṣẹ́. Mo ro ó nígbà tí mo ń nu eruku, mo tún ro ó nígbà tí mo ń fọ abọ́, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń já sí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má tàn án mọ́ títí tí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdánwò yóò ti kọjá kí ọyẹ́ tó lọ. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Bùnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sídì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe oòrùn ló ń wò ó sàn."

Bàbá gbójú sókè. "Kí wá ni?"

"Gbígbé tí ẹ ń gbé e ni, sà. Lọ́jọ́ tí kò sí oòrùn, ẹ gbé e, ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣí fèrèsé fún un, ẹ ò gbé e, kò ṣiṣẹ́. Nǹkan kan ló ń mì nínú ẹ̀."

Màmá Àgbà ní kí wọ́n wo ọmọ tí àwọn rò pé ó ń nu tábìlì. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ẹni tí ó ní kí n máa ṣọ́ òun, mo sì dáhùn pé kò sí. Ó wá yíjú sí Àǹtí Bùnmi.

"Tí a bá tú u, tí kò wá tàn mọ́ ńkọ́?"

"Bàbá mi," ni Àǹtí Bùnmi wí, "bó ṣe wà yìí náà, kò tàn fún mi."

Bàbá dìde. Lẹ́yìn náà ni ó yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ó gbàdúrà kúkúrú, ó sì mú sukudiráfà. Eruku tí ó wà nínú àpótí náà tó láti gbin ata sí. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun gbá a jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni a rí wáyà pẹlẹbẹ kan, tí ó fẹ̀ bí rìbọ́ọ̀nù tí a fi ń so irun, tí orí rẹ̀ ti yọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹnu kọ̀ǹpútà. Wáyà iná ẹnu náà le dan-in-dan-in ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ahọ́n rẹ̀ fi ń jáde. Èyí tí ó fi ń bá ìyókù ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ ni kò dúró. Màámi rántí pé nígbà tí a ń kun ilé fún Kérésìmesì, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí náà wọ yàrá. Bàbá ti orí wáyà náà wọlé, a tàn án.

Kò sí nǹkan kan. Bàbá wò mí. Mo ti ń wo apá ibi tí n ó kọjú sí lára ògiri.

Àǹtí Bùnmi ni ó ní kí a tún un pa. Ó fi ìka tọ wáyà pẹlẹbẹ náà láti ẹ̀yìn ẹnu kọ̀ǹpútà lọ sísàlẹ̀, títí ó fi dé ibi tí orí rẹ̀ kejì wọ̀ sí lára pákó aláwọ̀ ewé tí gbogbo wáyà ẹ̀rọ náà so mọ́. Apá kan rẹ̀ ti gbé sókè, kò sì hàn àfi bí a bá tẹ orí ba. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ó dún kọ́. A tàn án, a sì dúró bí ẹni tí ó ń retí kí ọmọ sunkún, orúkọ ẹnu náà sì yọ. A pa á, a tàn án, ó tún yọ. Kò sì sọnù mọ́.

Bàbá ní oòrùn náà ṣe ipa tirẹ̀. Màmá Àgbà ní kí ó ṣáà fi oòrùn sílẹ̀ fún òun tí òun mọ iyì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìdánwò, bí iná bá ti dé, iwájú ẹ̀rọ náà ni Àǹtí Bùnmi wà, gbogbo ilé sì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ka ìbéèrè sókè, Màámi ń dáhùn láti inú kíṣìnnì, Màmá Àgbà sì ń ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá kí òun náà lè yan tòun. Bí ó bá ṣì í, gbogbo wa á ké háà. Bí ó bá gbà á, ariwo wa á dé ojú pópó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ máòsì débi pé kò wò ó mọ́. Ó yege. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì jáde báyìí, aṣọ funfun rẹ̀ sì ń fẹ́ aránṣọ tí yóò máa tún bọ́tìnì rẹ̀ rán.

Lónìí, ó kan èmi náà láti ṣe ìdánwò yẹn. Inú fóònù ni ìbéèrè tèmi wà, n kò sì nílò sídì kankan. Fóònù náà yá ju kọ̀ǹpútà wa lọ lọ́nà gbogbo. Ṣùgbọ́n kò ní ẹnu, kò ní ibi tí ènìyàn lè tú, bí ó bá sì kọṣẹ́, wọn a ní kí a lọ ra òmíràn. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá ń kẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ilé ni ó mọ ohun tí ó ṣì. Nísinsìnyí, bí mo bá ṣì í, èmi nìkan ni fóònù ń sọ fún, n ó sì tẹ èyí tí ó kàn.

Lánàá, Bàbá wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n ka ìbéèrè náà sókè kí òun gbọ́. Mo kà á. Ó ronú, ó mú awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì yan ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú ńlá. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó ṣì í.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ jókòó. Ìbéèrè ṣì pọ̀."