Táyà Tó Jẹ Tẹ̀sùbáà Yó

Lọ́jọ́ tí Sàníù gbé ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Mùjíbátù, lọ sí pápákọ̀ òfurufú Alakia láti lọ sí Mẹ́kà, díẹ̀ ló kù kí mọ́tò rẹ̀ pa ewúrẹ́ kan ní Mọ́níyà. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì wọlẹ̀ wọ́ọ́, mọ́tò ò sì tètè dúró. Màmá di gèlè wọn mú. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Bàbá Kifayah, Mẹ́kà ni mò ń lọ o, n ò tíì ń lọ sọ́run."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára Sàníù. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ní Ìrókò, mọ́tò ògbólógbòó yẹn ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, ó sì ti kọ "Tawakalitu" sẹ́yìn rẹ̀, pé Ọlọ́run lòun gbára lé. Kàmọ́rù, ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ní jíìpù tó ń dán gbinrin, ó sì ti ní òun á lọ gbé màmá bọ̀. Sàníù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun parí ohun tí òun bẹ̀rẹ̀. Bí màmá bá di Alhaja tán, tí wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù Kàmọ́rù lójú gbogbo Ìrókò, a jẹ́ pé ewúrẹ́ Mọ́níyà ló borí nìyẹn.

Ló bá tún bíréèkì ṣe fúnra rẹ̀. Ó ra súù bíréèkì tuntun, èyí tó ń di táyà mú, fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè lábẹ́ igi máńgòrò, ó tò ó pa dà. Ó wá ku irin kékeré eléyín kan tí wọ́n máa ń yí kí súù lè sún mọ́ agolo irin tó ń bá táyà yí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kéèyàn yí i? Kò mọ̀, ìtìjú ò sì jẹ́ kó bi mẹkáníìkì. Ó ní ohun téèyàn ò bá mọ̀, kó fi orúkọ Ọlọ́run kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún: Súbúhánálláhì, ó yí i, Súbúhánálláhì, ó yí i, títí ó fi pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bí wọ́n ti ń ka tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun. Kò tíì dé ìdajì lápá òsì tí Zubaidah, ìyàwó rẹ̀, fi pè é pé ọkà ń tutù. Ó jẹun tán, ó gbàgbé, ó gbé mọ́tò sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Alhaja dé, mọ́tò ń lọ bí ẹni tí wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Sàníù rò pé bí bíréèkì tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn. Orí rẹ̀ wú. Ó dúró fún ewúrẹ́, ó dúró fún adìyẹ, ó tilẹ̀ dúró fún ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Alhaja, nínú aṣọ funfun, ń ṣàdúrà fún un lẹ́yìn.

Ní Mọ́níyà gan-an, òórùn bí ìgbà tí wọ́n ń sun bàtà gba inú mọ́tò. Èéfín ń rú lẹ́yìn lápá ọ̀tún. Àwọn ọlọ́kadà yí wọn ká, wọ́n ní kó bu omi sí i. Omi tó wà nínú mọ́tò ò ju omi mímọ́ Samusamu inú kẹ́ẹ̀gì lọ, Alhaja sì ti gbé e mọ́ àyà. Wọ́n ní omi tó fò láti Mẹ́kà ò ní í wá parí ìrìn àjò rẹ̀ sára táyà. Sàníù náà ò fẹ́: irin gbígbóná téèyàn bá da omi tútù sí, ó lè sán. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Ó na ọwọ́ sún mọ́ táyà ọ̀tún, ó yára fà á pa dà. Ó lọ sí òsì: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé e pé súù ọ̀tún ti fún jù, ibẹ̀ náà ló sì ti rú u lójú. Ọ̀tún tó fi orúkọ Ọlọ́run yí pé pérépéré ló ń jó. Òsì tí ọkà dá dúró ló sàn. Ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ gbogbo kíkà yìí? Ó ti pẹ́ tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ń yọ́ wọ ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tó ń lé e jáde bí ẹni ń lé adìyẹ. Lónìí, adìyẹ ọ̀hún bà sórí táyà.

Fóònù dún. Kàmọ́rù ni, ó ń béèrè bóyá kí òun máa bọ̀. Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ Sàníù, wọ́n ní kó dúró ná, wọ́n wá bi Sàníù pé kí ló ṣe táyà yìí. Kò lè purọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé Ọlọ́run dé. Ó jẹ́wọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà, tòun ti ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀.

Èjìká Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé kẹ́ẹ̀gì.

"Bàbá Kifayah, wọ́n ní kéèyàn so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìwọ, o so ó títí o fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa."

"Ẹ dákun, màámi, ẹ má sọ fún Kàmọ́rù."

"Ó ti gbọ́. Fóònù ò tíì kú."

Ẹ̀rín Kàmọ́rù ń dún jáde nínú fóònù. Sàníù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu òun náà, àwọn ọlọ́kadà náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí táyà tutù, ó fi jáàkì gbé e, ó ń yí irin eléyín náà pa dà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fetí sí i, títí táyà fi ń yí geere. Alhaja ní kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ká aṣọ funfun sókè, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbá táyà, ó yí, ó yí, wọ́n tún gbá a bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré. Sàníù ní Alihamudulilaahi. Kò kà á.

Gbogbo ilé ló ti dúró síta ní Ìrókò. Kàmọ́rù ló ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún wọn. Ó kí Alhaja káàbọ̀, ó wá yíjú sí Sàníù.

"Ẹ̀gbọ́n, ràkúnmí ńkọ́?"

"Ó ń mí," ni Alhaja wí, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ látinú mọ́tò Sàníù.