Agolo Ọta Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Oǹdó, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú, agolo kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọta ìbọn ló kún inú rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó bọ̀ nígbà tó bá àwọn òyìnbó lọ sójú ogun. Bàbá mi a máa sọ pé ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ níye lórí ju oko kòkó lọ. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo wa la gbà á gbọ́!

Bàbá tó bí ìyá mi wá kú ní Àkúrẹ́. Ọdẹ pọ́ńbélé ni. Àna kọ̀ọ̀kan ní láti gbé ẹ̀tù ìbọn wá kí àwọn ọdẹ fi yìnbọn fún òkú, kí wọ́n sì pe orúkọ ẹni tó gbé e wá. Bí ọkọ ọmọ òkú kan kò bá gbé tirẹ̀ wá, ìtìjú ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bàbá mi kò ra ẹ̀tù. Agolo yẹn ló gbé lé mi lórí, ó ní ọta òyìnbó máa bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Bí a ti débẹ̀, ó lọ jókòó láàárín àwọn àna. Èmi ni mo gbé agolo fún olórí ọdẹ. Ó mú ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ ha ìpẹtà ara rẹ̀, ó mi orí, ó sì pe ìyá mi sẹ́yìn ilé. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

“Ọmọ wa, ìbọn ṣọ́jà ló ni eléyìí. Tiwa, ẹ̀tù la ń kì sí i. Gbogbo agolo yìí ò níye lórí tó ẹ̀tù ìkì ẹ̀ẹ̀kan.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọkọ àbúrò rẹ̀, ó tọrọ ẹ̀tù. Àwọn ọdẹ fi í yìnbọn, wọ́n pe orúkọ bàbá mi. Bàbá mi fò sókè, ó ń jó yí agbo ká: “Ẹ gbọ́ ohùn ọta òyìnbó!” Àwọn tó mọ̀ ń wolẹ̀. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Lónìí, bí ìbọn bá dún lọ́nà Àkúrẹ́, eré là ń sá. Orí fóònù ni àna ti ń fi owó ránṣẹ́ dípò ẹ̀tù. Àwọn ìyàwó òde òní náà á sì sọ òótọ́ lójú gbogbo ayé. Ìyá mi kò sọ ọ́ rí. Títí bàbá mi fi kú, bó bá ti ń ròyìn ọta yẹn fún àlejò, á ní, “Ẹ bi ìyàwó mi.”

Ìyá mi á sì dáhùn, láìwo ojú mi, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dún.”